Ẹni Tí A Bá Nílẹ̀ Ní Ọ̀nà Òkè

Ìbéèrè kan wà tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ wa mọ ìdáhùn rẹ̀ kí a tó bi wọ́n tán. Bí o bá ń lọ ní ọ̀nà, tí o sì bá ènìyàn kan nílẹ̀ tí ó ń kú lọ, ó ha tọ́ kí o gba ìhà kejì kọjá lọ? Gbogbo wọn a dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà pé, "Kò tọ́!" Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè yìí, inú mi a sì máa dùn sí ìdáhùn wọn, títí di ọjọ́ tí ọmọkùnrin kan dìde ní kíláàsì, tí ó ní, "Tíṣà, bí ó bá jẹ́ ọ̀nà tí ẹni tí ó dúró níbẹ̀ yóò kú pẹ̀lú ńkọ́?" Mo ní kí ó jókòó. Ọmọ náà jókòó, ṣùgbọ́n ìbéèrè rẹ̀ kò jókòó.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ wà láyé. Òkè Everest, tí ó dúró ní ààlà Nepal àti Tibet, ga ní 8,849 mítà, kò sì sí òkè tí ó ga tó o. Láti 8,000 mítà lọ sókè, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ara ènìyàn kò lè gbé ibẹ̀ pẹ́. Ní ṣóńṣó òkè náà, nǹkan bí ìdámẹ́ta péré ni ó kù nínú ọ́síjìn tí à ń mí sínú ní etí òkun. Ẹsẹ̀ a wúwo bí òjé, iyè a ṣú, ẹni tí ó gbọ́n ní ìsàlẹ̀ a sì di bí ọmọdé. Ní àárín oṣù Karùn-ún ọdún 2006, ọkùnrin Gẹ̀ẹ́sì kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ David Sharp, ẹni ọdún 34, jókòó sí abẹ́ àpáta kan ní ìhà àríwá òkè yìí, ní ibi tí ó ga tó nǹkan bí 8,500 mítà, kò sì lè dìde mọ́. Wọ́n ní nǹkan bí ogójì ènìyàn ni ó kọjá lára rẹ̀, àwọn kan ń gòkè, àwọn kan ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn mìíràn kò rí i nínú òkùnkùn. Àwọn mìíràn rò pé ó ti kú. Àwọn díẹ̀ dúró, wọ́n fún un ní ọ́síjìn, wọ́n sì gbìyànjú láti gbé e nàró, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbà á. Ó kú síbẹ̀. Nígbà tí Edmund Hillary gbọ́, ẹni tí òun àti Tenzing Norgay kọ́kọ́ dé ṣóńṣó òkè náà ní ọdún 1953, ó bínú gidigidi, ó sì sọ ọ́ ní gbangba pé ní ìgbà tiwọn, wọn kì bá tí fi ènìyàn sílẹ̀ lábẹ́ àpáta kí ó kú.

Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn èyí, ní ìhà àríwá kan náà, Lincoln Hall, ará Australia, dé ṣóńṣó òkè, àìsàn òkè gíga sì kọlu ọpọlọ rẹ̀ bí ó ti ń sọ̀kalẹ̀. Àwọn Sherpa tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ jà fún un fún ọ̀pọ̀ wákàtí títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Kò mira mọ́, wọ́n gbà pé ó ti kú, wọ́n sì sọ̀kalẹ̀ kí àwọn náà má baà kú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, àwọn mẹ́rin tí Dan Mazur ṣáájú wọn bá a ní ìjókòó lórí òkè náà, láìní fìlà, láìní ìbọ̀wọ́, ó ń sọ̀rọ̀. Ṣóńṣó òkè kò jìnnà sí wọn mọ́. Wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n fún ọkùnrin náà ní ọ́síjìn àti ohun mímu, wọ́n so ó mọ́lẹ̀ kí ó má baà ṣubú, wọ́n sì dúró tì í fún wákàtí púpọ̀ títí àwọn Sherpa fi gòkè wá láti ìsàlẹ̀. Ó sọ̀kalẹ̀ láàyè. Ọdún 2012 ni ó tó kú, àìsàn mìíràn ni ó sì pa á.

Ó rọrùn láti sọ pé ènìyàn búburú ni àwọn ti àkọ́kọ́, ènìyàn rere ni àwọn ti ìkejì, kí a sì pa ìwé dé. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn náà kúnná. Sharp dá lọ ni. Kò ní amọ̀nà Sherpa lẹ́yìn, kò ní rédíò tí ó lè fi ké sí ẹnikẹ́ni, ọ́síjìn tí ó gbé kò sì tó nǹkan. Òru ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ó bá a pàdé, nínú òtútù tí ó lè gé ìka ènìyàn, ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn sì gbé ọ́síjìn ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan. Hall lè jókòó, ó lè sọ̀rọ̀, òwúrọ̀ ni, ojú ọjọ́ mọ́, rédíò wà, àwọn alágbára sì wà ní ìsàlẹ̀ tí a lè rán gòkè. Èmi kò fi èyí dá ẹnikẹ́ni láre. Ohun tí mo rí ni pé púpọ̀ nínú ohun tí ó ya ikú ti àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ìyè ti ìkejì ni a ti parí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ sí ojú yìnyín. Ìlẹ̀ pẹrẹsẹ ni a ti yàn án.

Kì í ṣe inú ìwé ni mo ti kọ́ èyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti olùkọ́ mìíràn kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlélógún lọ gun ọ̀kan nínú àwọn òkè olókùúta ilẹ̀ wa. Kì í ṣe Òkè Ìdànrè, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ lé ní 600. Èyí tí mo ń wí kò ní àtẹ̀gùn rárá. Òjò ti rọ̀ ní ìdájí, àpáta sì ń yọ̀. Bí a ti ń lọ, ẹsẹ̀ ọmọkùnrin kan yọ̀, ó sì já bọ́ láti ibi tí ó ga tó òrùlé ilé, ó balẹ̀ sí orí àpáta kan tí ó tẹ́jú. Igbe ta. Mo sáré sọ̀kalẹ̀ tọ̀ ọ́, mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀ méjèèjì kí n lè fà á nàró, nítorí ojú ń tì mí pé ọmọ tí a fi lé mi lọ́wọ́ wà nílẹ̀. Olùkọ́ kejì ti ń ṣí ìgò omi láti dà á sí i lórí. Àwọn ọmọ yòókù pagbo yí wa ká, wọ́n ń sunkún. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wá ní wákàtí náà bóyá a fẹ́ràn ọmọ yìí, a lè búra.

Akọ̀pẹ kan ni ó ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Tíṣà, ẹ fi í sílẹ̀! Ẹ má fà á!" Mo rò pé aláìláàánú ni. Ó gun òkè wá, igbà rẹ̀ ṣì wà ní èjìká rẹ̀. Nígbà tí ó dé, kò kọ́kọ́ wo ọmọ náà. Òkè ni ó wò, ibi tí ọmọ náà ti já bọ́, ó sì ní kí gbogbo àwọn ọmọ kúrò ní abẹ́ ibẹ̀, nítorí òkúta tí ẹsẹ̀ ti tú lè tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni ó kúnlẹ̀. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọmọ náà mú kí ó má baà yí ọrùn, ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó ní kí ó mi ìka ẹsẹ̀, kí ó fún òun lọ́wọ́. Ó wo gbogbo ara rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tí ń yẹ ẹrù wò. Ojúgun ọ̀tún ni ó kán. Ó gé igi imọ̀ ọ̀pẹ méjì, mo ya ẹ̀wù mi, ó sì di igi náà mọ́ ẹsẹ̀ ọmọ náà láti òkè orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀, kò sì fún un jù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan ó ń tẹ èékánná ẹsẹ̀ náà láti wò bóyá ẹ̀jẹ̀ ń padà síbẹ̀. A fi ọ̀pá méjì àti ẹ̀wù mẹ́rin ṣe ibùsùn tí a fi gbé e. Láti nǹkan bí agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e, agogo mẹ́ta ọ̀sán ti lù kí a tó dé ojú títì. Ní ọ̀nà, ọkùnrin náà bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Tíṣà, ta ni ẹ sọ fún nísàlẹ̀ pé ẹ̀ ń lọ sókè?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹsẹ̀ ọmọ náà san. Ṣùgbọ́n oorun kò kùn mí fún ọjọ́ mélòó kan, nítorí mo ń rò ó pé bí ó bá jẹ́ ọ̀pá ẹ̀yìn ni ó kán, tàbí ọrùn, ìfẹ́ mi ni ì bá sọ ọmọ náà di arọ. Ẹnìkan a máa rò pé ìdàkejì ìfẹ́ ni ìkórìíra. Èmi rí i ní ọjọ́ náà pé ìkánjú pẹ̀lú lè ṣe iṣẹ́ ìkórìíra, kí ó sì wọ aṣọ ìfẹ́.

Mo padà lọ kí akọ̀pẹ náà. Mo bi í níbi tí ó ti kọ́ ohun tí ó ṣe. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn akọ̀pẹ a máa já bọ́, àti pé bàbá òun ti gbé ju ẹni méjì lọ wálé láti inú oko kí òun tó dàgbà. Ó sì fi igbà rẹ̀ hàn mí. Ní òròòwúrọ̀, kí ó tó kọ ọ̀pẹ àkọ́kọ́, a fi igbà náà há ìdí ọ̀pẹ, a fara tì í lórí ilẹ̀, a fi gbogbo agbára fà á, a sì fi ọwọ́ tọ ojú okùn rẹ̀. "Bí ó bá fẹ́ já, kí ó já níhìn-ín," ni ó wí.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ ìtọ́jú pàjáwìrì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti di àgbà. Ohun tí ó kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu ni pé òfin àkọ́kọ́ rẹ̀ ni òfin akọ̀pẹ: dúró, kí o wò yíká, kí o tó fọwọ́ kan ẹni tí ó ṣubú, nítorí bí òkúta tí ó pa á lára bá pa ìwọ náà, ẹni méjì ni ó di ẹrù fún àwọn tí ó kù. Àwọn baba wa ní bí iná bá ń jó ni, tí ó ń jó ọmọ ẹni, tara ẹni ni a kọ́kọ́ ń gbọ̀n. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo kà á sí òwe onímọtara-ẹni-nìkan, n kò sì jẹ́ fi kọ́ ọmọ. Mo ti bẹ àwọn baba wa. Òwe náà kò ní kí a gbọn tara ẹni kí a sì máa lọ. Ọwọ́ tí iná ń jó kò lè gbọn iná lára ẹlòmíràn ni ó ń wí.

Ẹ̀kọ́ yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé ní irú èyí tí à ń kọ́ gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 1877 ni ẹgbẹ́ St John bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oníṣègùn Jámánì kan, Friedrich von Esmarch, ẹni tí ó ti tọ́jú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun tí ó gbọgbẹ́, mú un lọ sí Kiel ní ọdún 1882, ó sì pe ilé-ẹ̀kọ́ tí ó dá sílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ará Samáríà. Orúkọ náà mú mi padà sínú ìtàn tí mo ti sọ fún àwọn ọmọ láìmọye ìgbà, mo sì rí ohun tí n kò rí rí nínú rẹ̀. Òróró àti wáìnì wà lọ́wọ́ ará Samáríà náà kí ó tó dé ibi tí ọkùnrin náà dùbúlẹ̀ sí. Ẹranko wà lábẹ́ rẹ̀. Owó wà nínú àpò rẹ̀ fún onílé èrò. Gbogbo wa ni a ń wàásù àánú tí ó ṣe é ní ojú ọ̀nà, kò sì sí ẹni tí ń wàásù ẹrù tí ó dì ní ilé. Bí ó bá jáde lọ́wọ́ òfìfo, àánú ìbá ṣe é bákan náà, ẹkún ni ì bá sì máa sun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ẹ̀ka kan ti yọ lára ẹ̀kọ́ yìí fún àwọn tí ń gun òkè àti àwọn tí ń rìn nínú aginjù. Ilé-ẹ̀kọ́ NOLS, tí Paul Petzoldt dá sílẹ̀ ní Wyoming ní ọdún 1965, wà lára àwọn tí ń kọ́ni. Èyí tí ó kéré jù nínú ẹ̀kọ́ náà a máa gba nǹkan bí wákàtí 16, ọjọ́ méjì gbáko. Ti àwọn amọ̀nà a máa tó wákàtí 70 sí 80. Ohun tí wọ́n ń pè ní aginjù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni ibikíbi tí ó ju wákàtí kan lọ sí ilé ìwòsàn. (Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ wà ní ìgbèríko, ẹ ṣírò tiyín wò.) Ní ìlú, iṣẹ́ rẹ ni láti di ẹni náà mú títí ọkọ̀ yóò fi dé. Ní aginjù, ọkọ̀ kankan kò ń bọ̀. O lè wà pẹ̀lú rẹ̀ ní ọjọ́ kan àti òru kan. Nítorí náà wọ́n ń kọ́ni bí a ti ń tẹ́ nǹkan sí abẹ́ rẹ̀ kí ilẹ̀ má baà fa ooru ara rẹ̀, bí a ti ń fún un ní omi, bí a ti ń ràn án lọ́wọ́ láti tọ̀, bí a ti ń bá a sọ̀rọ̀ kí ẹ̀rù má baà pa á. Wọ́n sì ń kọ́ni ní ohun kan tí ó le fún mi láti gbọ́. Bí ọkàn ẹnìkan bá dúró, a ó máa tẹ àyà rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní ìgbà 100 sí 120 ní ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n ní aginjù, bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú bá kọjá tí kò sì sí ìyípadà, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀ràn a gbà kí a dáwọ́ dúró. Olùkọ́ni wí i jẹ́jẹ́. Ẹni tí ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi kò kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀.

Ìmọ̀ fúnra rẹ̀ a sì máa ṣìnà. Nígbà tí ogun Napoleon ń sá padà láti ilẹ̀ Rọ́ṣíà ní ọdún 1812, oníṣègùn wọn, Larrey, rí àwọn ọmọ ogun tí òtútù ti mú ẹsẹ̀ wọn dì, tí wọ́n nà án sí iná, tí ẹsẹ̀ náà sì rà. Ó rí òtítọ́ pé iná ń ba ẹran ara náà jẹ́. Nítorí náà ó kọ́ni pé kí a máa fi òjò dídì ra ojú ibẹ̀, ó sì lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn aláàánú fi ń fi òjò dídì bó awọ ara àwọn tí wọ́n fẹ́ràn. Lónìí a mọ̀ pé a kò gbọdọ̀ ra á rárá. Omi tí ó lọ́ wọ́ọ́wọ́, ní ìwọ̀n 37 sí 39, ni a ń kì í bọ̀, kìkì bí ó bá dájú pé kò ní tún dì mọ́. Nítorí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dì ṣì lè rìn lórí rẹ̀. Bí a bá ti yọ́ ọ tán, gbígbé ni a ó máa gbé e. Kí o tó gbé omi kaná, wo àwọn tí ó wà pẹ̀lú rẹ, kí o ka èjìká wọn.

Àwọn kan yóò wí pé irú ẹ̀kọ́ báyìí a máa sé ọkàn le, pé ẹni tí ó ti kọ́ bí a ṣe ń ṣírò yóò máa ṣírò ènìyàn. Ẹ̀rù yìí kì í ṣe asán. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1996, ìjì jà lórí Everest, ènìyàn mẹ́jọ sì kú. Ní òwúrọ̀ lẹ́yìn ìjì náà, oníṣègùn kan àti àwọn Sherpa jáde kúrò nínú àgọ́, wọ́n sì bá ẹni méjì tí yìnyín ti bò lójú: Yasuko Namba, obìnrin ará Japan, àti Beck Weathers, ará Amẹ́ríkà, tí òun náà jẹ́ oníṣègùn. Àwọn méjèèjì ṣì ń mí díẹ̀díẹ̀. Ọkùnrin náà wò wọ́n, ó gbà pé wọn kò lè yè é, pé bí a bá gbìyànjú láti gbé wọn, àwọn tí ó ṣì lè rìn yóò kú. Ó fi wọ́n sílẹ̀. Namba kú. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Weathers la ojú, ó dìde, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú àgọ́. A gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, ó pàdánù àwọn ìka ọwọ́ òsì àti imú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sí ilé rẹ̀ láàyè.

Mo ti ro ọ̀ràn oníṣègùn yìí fún ọjọ́ pípẹ́, n kò sì lè dá a lẹ́bi. Ó jáde kúrò nínú àgọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ kò lè ṣe. Ó kúnlẹ̀, ó sì fọ yìnyín kúrò lójú wọn. Ó lo ìmọ̀ tí ó ní, ìmọ̀ náà sì jìnnà sí òtítọ́ ní ìwọ̀n ènìyàn kan. Ìdáhùn tí mo ní fún ọmọ tí mo ní kí ó jókòó nìyí: àkókò kan lè dé tí kì yóò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ láti fi ẹni tí ó ṣubú sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé irú àkókò bẹ́ẹ̀ dé bá òun, bí kò ṣe ẹni tí ó ti kọ́ ohun tí ó yẹ ní kíkọ́, tí ó ti di ẹrù tí ó tó ẹni méjì, tí ó sì ti dúró wò ó. Ẹni tí ó gòkè láìmọ nǹkan kan, tí ó gbé ìwọ̀n tirẹ̀ nìkan, tí ó wá ń wí ní òkè pé, "Kí ni mo lè ṣe?", òtítọ́ ni ó ń sọ, kò sì lè ṣe nǹkan kan. Ẹjọ́ tirẹ̀ wà ní ìsàlẹ̀.

Nǹkan kan kù tí ó ń dùn mí. Ẹni tí ó bá gun òkè fún ìgbádùn, ẹlòmíràn ni yóò lọ gbé e bí ó bá ṣubú, ẹni náà sì lè jẹ́ tálákà tí ó ní ọmọ nílé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin ọdún 2014, yìnyín ya lulẹ̀ ní ẹsẹ̀ Everest, ó sì pa ènìyàn 16. Ọmọ Nepal ni gbogbo wọn, ọ̀nà àti ẹrù àwọn àlejò ni wọ́n ń tọ́jú. Èmi kò wí pé kí a má gun òkè mọ́. Inú mi kì í dùn tó bí ó ti ń dùn nígbà tí mo bá wà lókè tí mo rí òrùlé ìlú wa ní ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ iye èjìká tí ó gbé ọmọ tèmi sọ̀kalẹ̀, àti pé akọ̀pẹ náà kò kọ ọ̀pẹ kankan ní ọjọ́ náà.

Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e a tún lọ sí òkè náà. A kọ orúkọ gbogbo wa sínú ìwé kan, àti wákàtí tí a ó sọ̀kalẹ̀, a sì fi í sílẹ̀ ní ilé akọ̀pẹ. Mo gbé báńdéèjì, igi pẹlẹbẹ méjì, aṣọ ìbora kan àti omi tí ó ju ìwọ̀n wa lọ. Àwọn ọmọ fi mí ṣe ẹlẹ́yà pé Tíṣà ń kó lọ sí oko olóko. Nígbà tí a dé ìdajì ọ̀nà, òjò ṣú ní ìhà ìwọ̀-oòrùn. Mo ní kí a padà. Wọ́n kùn, wọ́n ní òjò náà kò ní rọ̀, àti ní tòótọ́ kò rọ̀. Akọ̀pẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ bí a ti ń dé, ó kà wá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí ó fi pé, ó sì ní kí ìyàwó rẹ̀ bu omi wá fún wa.